Bí Iná Bá Kú Lóde, Ta Ni Yóò Tan Ti Inú Ilé?

Ẹ sún mọ́ rédíò, kí ẹ sì mú pẹ́ńsù àti ìwé lọ́wọ́, nítorí ìṣirò díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. A fẹ́ mọ ohun tí í máa ń pa á, a sì fẹ́ mọ bí onílé ṣe lè pèsè tirẹ̀ láìṣe ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní jàǹbá.

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ sanwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, ọ̀dà náà a máa rọ̀, a sì máa yọ jáde bí òógùn. Láti nǹkan bí 1908 ni ilé iṣẹ́ John Simon Bergheim, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation, ti ń gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè náà láti wá epo àti ọ̀dà, kí ogun àgbáyé ti 1914 tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Láti ibẹ̀ náà, kò jìnnà púpọ̀ sí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀rẹ̀ sí Benin, níbi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan wà. Wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀ ní 2007. Bí gbogbo ẹ̀rọ apá kìíní yìí bá ń ṣiṣẹ́, agbára wọn jẹ́ megawatt 335. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò àti apá kan Odìgbó, ló lo ju ọdún 10 lọ nínú òkùnkùn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí iná lọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí ó tó mọ bí a ti ń tẹ súìsì.

Ó yẹ kí á bèèrè pé, báwo ni ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ iná yóò ṣe máa ra àbẹ́là?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iná tí wọ́n ń ṣe ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kì í ya ilé aládùúgbò lọ́nà. Gáàsì ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti yí, wọ́n a gbé iná náà sórí wáyà gíga olóòlà 330,000 volt, yóò sì bọ́ sínú gíríìdì, èyíinì ni ìsokọ́ra wáyà tó so gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Òṣogbo ni ọ́fíìsì tó ń darí rẹ̀ wà. Kí iná tó lè padà wọ ilé wa, ó ní láti kọjá ní ibùdó ńlá tí í máa ń dín agbára rẹ̀ kù, láti 330,000 sí 132,000, láti ibẹ̀ sí 33,000, sí 11,000, títí tí tiránsífọ́mà àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di 240 tí gílóòbù wa lè gbà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí kò bá sí, tàbí tí wáyà já, tàbí tí olè kó o, tàbí tí ilé iṣẹ́ apínná àti àwọn tó ń lo iná kò bá gbọ́ ara wọn yé lórí owó, òkùnkùn dé nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin ọmọ wa a máa gbọ́ nínú ìròyìn pé gíríìdì dà wó. Ní 2024 nìkan, ju ìgbà 10 lọ ni èyí ṣẹlẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ fojú inú wo ọkùnrin 20 tí wọ́n jọ ru igi ìrókò kan. Bí ẹnì kan bá yọ èjìká lójijì, ẹrù tirẹ̀ bọ́ sórí àwọn tó kù. Èyí tó rẹ̀ jù nínú wọn a jù ú sílẹ̀, ẹlòmíràn a tẹ̀ lé e, kò pẹ́, igi náà wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti iná. Iná Nàìjíríà ní láti máa lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ̀rọ ń pèsè àti iye tí àwa ń lò gbọ́dọ̀ bára mu ní gbogbo ìgbà. Bí gáàsì bá wọ́n, tí ẹ̀rọ ńlá kan sì dákẹ́, eré náà yóò rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 50, àwọn ẹ̀rọ yòókù a sì yọra wọn sílẹ̀ kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ìyẹn ni Èkó àti Kánò fi lè wọ òkùnkùn ní ìṣẹ́jú kan náà.

Àìsàn yìí ti pẹ́ lára wa. Ní 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Wọ́n dá àjọ ECN sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìsédò Káínjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n lántà kò kúrò nílẹ̀ ní ilé púpọ̀.

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Tíṣà, ọ̀dà tó wà ní ilẹ̀ Agbabu yìí, ṣé a kò lè fi tan iná ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Orílẹ̀-èdè Venezuela ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Wọ́n po ọ̀dà wọn mọ́ omi, wọ́n pè é ní Orimulsion, wọ́n sì tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ní Kánádà, Denmark àti ibòmíràn, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Èéfín rẹ̀ kún fún imí ọjọ́, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ olówó iyebíye tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀ ilé kankan tó lè mu ọ̀dà. Ẹ má ṣe dán an wò. Ọ̀nà méjì ló wà fún onílé: jẹnẹrétọ̀ elépo àti iná oòrùn, tí gbogbo ayé ń pè ní sólà.

Ẹ jẹ́ kí á fi jẹnẹrétọ̀ ṣíwájú. Ní 1831 ni Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí irin òòfà bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà tí a ká róbótó, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Gbogbo ẹ̀rọ Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀rọ Káínjì, àti èyí kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ", orí ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dúró. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń yí i: gáàsì ni ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, omi ni ní Káínjì, bẹntiróòlù ni ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Jẹnẹrétọ̀ dára fún iṣẹ́ líle. Alágbẹ̀dẹ onírin tó ń jó irin pọ̀, ẹni tó ń lọ gààrí, ẹni tó ń fa omi kànga, kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni. Nínú agbára tó wà nínú epo tí a dà sí i, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń di iná. Ìyókù di ooru, ariwo àti èéfín. Ẹ sì rántí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà wálẹ̀ sí ibi tó ti wà láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gílóòbù méjì àti fóònù kan, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló ń dà sínú tánkì.

Owó kọ́ ni ìṣòro tó burú jù. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí èyí, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá.

Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ta ni lójú. Bí a bá mí i sínú, yóò gbá ẹ̀jẹ̀ mú ju bí afẹ́fẹ́ rere ti ń gbá a mú lọ, ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Ẹ̀jẹ̀ a máa yí kiri ara, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó yẹ kó rù rù. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á gbéni, orúnkún á rọ, oorun á sì kunni. Ẹni tó bá ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohunkóhun rárá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa ló ti tipa bẹ́ẹ̀ sùn láìjí, bàbá, ìyá àti ọmọ, nítorí pé ẹ̀rù olè bà wọ́n, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ilé ìdáná, tàbí nítorí òjò. Aládùúgbò á rò pé májèlé ni wọ́n jẹ, tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n. Kì í ṣe ayé. Èéfín ni.

Nítorí náà, ẹ kọ àwọn òfin wọ̀nyí sílẹ̀.

Èkíní, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ ilé, kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Ẹ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, èyíinì ni mítà 6, kí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú sí ìta, kí ó má sì kọjú sí ilé ẹlòmíràn. Ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ kò tó. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ òpó. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù òjò, ẹ ṣe àtíbàbà kékeré fún un níta, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Èkejì, ẹ pa á kí ẹ tó sùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe da epo sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tó bá ṣì gbóná. Ẹ má sì ṣe fi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù pamọ́ sí yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe ti wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ojú iná ara ògiri kí ó lè tan gbogbo ilé. Iná náà lè gba inú mítà jáde lọ sórí òpó, kí tiránsífọ́mà sì sọ 240 di 11,000. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó gun òpó láti tún wáyà ṣe, tó rò pé iná ti kú, ni yóò kú. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ṣe súìsì tí í máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín, èyí tí a ń pè ní change-over.

Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú ilé tí èéfín ti kún, ẹ má kàn kó wọlé gìrìgìrì. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ gbé e jáde síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ fún dókítà pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, nítorí afẹ́fẹ́ oxygen ni yóò kọ́kọ́ fún un. Omi tútù tàbí epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ó kan sólà wàyí. Oòrùn tó ń rọ ọ̀dà ní Agbabu lè tan iná bákan náà. Pátákó dúdú tí ẹ ń rí lórí òrùlé kò ní ẹ̀rọ tó ń yí nínú. Láti ara iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ silicon tí wọ́n fi ṣe é. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lù ú, iná yóò máa ṣàn nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ooru. Kódà, bí ó bá gbóná jù, iṣẹ́ rẹ̀ a dín díẹ̀. Bátìrì ló ń fi iná náà pamọ́ di alẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣọ́ bátìrì kí ó má baà yó jù tàbí kí ebi pa á jù, inverter sì ni ó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n àti fáànù wa ń lò.

Ẹ̀yin ọmọ, ó yá, ẹ gbé pẹ́ńsù. Lẹ́yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ watt rẹ̀ sí. Ẹ fi wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó sọ ọ́ di púpọ̀. Gílóòbù LED 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ watt 7, fún wákàtí 5: ó di 140. Fáànù kan tó jẹ́ watt 50, fún wákàtí 8: 400. Tẹlifíṣọ̀n watt 60, fún wákàtí 4: 240. Rédíò watt 10, fún wákàtí 6: 60. Fóònù 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 15: ó di 45. Ẹ ròó pọ̀. Ó jẹ́ 885. Iye tí ilé náà ń jẹ ní ọjọ́ kan nìyẹn.

Ní apá gúúsù wa níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pé oòrùn tó lágbára dáadáa jẹ́ wákàtí 4 lójúmọ́. Ẹ fi 4 pín 885, ó jẹ́ nǹkan bí 221. Ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú inverter, nítorí náà ẹ jẹ́ kí pátákó yín tó watt 300. Bátìrì olómi-èéjú tó jẹ́ 12 volt, 100 ampere-hour, gba 1,200. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò, èyíinì 600, bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́. Nítorí náà, méjì ni ilé yìí nílò. Bó bá jẹ́ ti lithium ni, ọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ yóò tó, nítorí ó ṣeé lò tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Owó rẹ̀ ga jù ní ọjọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju ti olómi-èéjú lọ púpọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé n kò ka áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ watt 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí kan péré, ó ti jẹ ju oúnjẹ ọjọ́ gbogbo ilé náà lọ. Ohun tó ń ba sólà jẹ́ ní ilé púpọ̀ nìyí: a ra èyí tó tó gílóòbù, ọ̀kan nínú ará ilé sì gbé áyọ́ọ̀nù àti ìgbóná-omi lé e. Nígbà tó bá kú, a ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà; nítorí náà, ẹ gba ìwé ìdánilójú lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tún máa ṣe ìṣirò kí á tó nawọ́ sówó.

Ẹ jẹ́ kí pátákó kọjú sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ òjìji igi. Òjìji ewé kan lórí apá kan rẹ̀ lè pa èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu ekuru orí rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ẹ dín ohun tí ẹ ń lò kù. Ẹ kọ́kọ́ yọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wáyà láti bátìrì nípọn, nítorí wáyà tín-ín-rín a máa gbóná, a sì máa jó ilé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ olówó lo ń sọ. Èmi tí mo ń ro oko kòkó, níbo ni n ó ti rí owó bátìrì?" Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ló lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wo Gbamu Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú East, ìpínlẹ̀ Ògùn. Wáyà gíríìdì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Rubitec parí ibùdó sólà kan fún wọn tí agbára rẹ̀ jẹ́ kilowatt 85. Láti ibẹ̀ ni wáyà ti wọ ilé kọ̀ọ̀kan, mítà sì wà tí oníkálukú ń sanwó ohun tó bá lò sí. Kò sí ẹni tó ní láti dá ra bátìrì. Òfin náà ti là: ní 2023 ni wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè wa ṣe kí ìpínlẹ̀ lè máa pèsè iná kí wọ́n sì máa pín in fúnra wọn, ní 2024 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àkóso iná ìpínlẹ̀ Oǹdó lé ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá jókòó, ẹ má fi gbogbo ìpàdé jiyàn lórí aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ ka iye ilé, ẹ ka iye ẹ̀rọ gààrí àti ti alájó-irin, ẹ ṣe irú ìṣirò tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí fún gbogbo ìlú, kí ẹ sì gbé e tọ ìjọba lọ. Ẹni tó bá mú ìṣirò lọ́wọ́ wá, a kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán dá a padà.

Pípèsè iná tiwa kò sì ní kí á dákẹ́ lórí ẹ̀tọ́ wa. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pa abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ sínú fíríìjì, ilé iṣẹ́ tó ń gba ọmọ wa ṣíṣẹ́, iná tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n nílò. Sólà orí òrùlé jẹ́ agboòrùn fún ẹni tí òjò ń pa. Kò sọ pé kí á má kọ́lé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́: kí ẹ tó padà sí kíláàsì, ẹ kọ watt gbogbo ohun tó ń lo iná nílé yín sílẹ̀, kí ẹ ṣe ìṣirò ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé yín ń sùn. Bí ó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún bàbá yín pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa gbé e jáde." Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó rán yín, ẹ ní tíṣà orí rédíò ni.

Ó dàbọ̀ o. Kí iná ilé wa má kú, kí èéfín rẹ̀ má sì pa wá.